A Kàn, Kò Sẹ́ni Tó Dáhùn

Ọjọ́ kìíní

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń kan irin láti inú òkú ọkọ̀ tó ń léfòó láàárín ìràwọ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n fi iná gé ọkọ̀ náà mọ́ ọn lórí. Èmi ni mo pa á. Kì í ṣe ẹni tó di iná mú, kì í ṣe ọ̀gá tó pàṣẹ. Èmi tí mo gbọ́ ni.

N kò kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀ rí. Ó ti wà nílẹ̀ báyìí.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí ni pé nígbà tí mo wọ ọkọ̀ láàárọ̀, tí mo gba ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, mo rí i pé agérin tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó sun ojú ara rẹ̀ ni obìnrin tí gbogbo èbúté ń pè ní Ọmọ Asálọ. Ogún ọdún ni mo ti ń sá fún un. Bó bá gba ibí, mo gba ọ̀hún. Wàyí o, oṣù méjì la ó jọ lò nínú agolo kan náà.

Omi ti tún gbówó lórí ní èbúté, ó ti di ìlọ́po méjì ti oṣù tó kọjá. Alásè ń bú ayé àtọ̀run. Ọ̀gá ní ká máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Erin, ẹ̀ṣọ́ wa, ní òun kò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan ń wẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ wa ní orúkọ gidi lára ògiri ọ́fíìsì, àmọ́ Igún ni aráyé ń pè wá. Òkú ọkọ̀ là ń jẹ. Ọ̀gá ọkọ̀ yìí, ọmọ ọ̀gá tó pàṣẹ fún mi nígbà náà ni. Bàbá rẹ̀ ti di alága, ó ti sanra, ó ń ṣe ìtọrẹ fún ilé ìwòsàn. Òun ló sọ nígbà kan pé kò sí irọ́ tí kì í jọ òtítọ́ bí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Mo kàwé, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kàwé.

Ọjọ́ kẹrin

Agérin wá bá mi ní ọ́fíìsì mi, tí kò fẹ̀ ju pósí lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé omi gbígbóná fún mi.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ òsì yín."

"Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú. Gbogbo àgbàlagbà tí mo bá pàdé ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún."

Mo na ọwọ́. Ó ka ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. "Ó pé. Ẹ kì í ṣe bàbá mi."

"Ta ni bàbá rẹ?" Mo béèrè bí ẹni tí kò mọ̀. Ojú mi kò tilẹ̀ yẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ni? Bàbá mi kò ní ìka àárín lọ́wọ́ òsì, irin ló gé e. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tó lọ. Mo ní ṣíbí kan tí ìyá mi lu ihò sí nídìí, tó so òwú pupa mọ́ kí n má bàa sọ ọ́ nù. Lọ́jọ́ tí bàbá mi ń lọ, mo bọ́ ọ kúrò lọ́rùn mi, mo fún un, mo ní kó máa fi jẹun, kó lè di dandan pé kó wá dá a padà fún mi. Ọmọdé gbọ́n, àbí?"

"Ó gbọ́n," ni mo wí.

"Wọ́n ní ó kó ẹrù ẹlẹ́rù sá lọ, ó ti fẹ́yàwó sí èbúté mìíràn. Ìyá mi ò gbà. Kò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀fọ̀ ẹni tó wà láàyè, èpè ni. Títí dòní, bó bá dáná, ó ń bu ti bàbá mi sọ́tọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Bí mo bá rí i, mo á kọ́kọ́ gbá a létí. Lẹ́yìn náà ni mo á bi í bóyá ó ti jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kó ife, ó lọ. Àpótí mi wà lábẹ́ àga tó jókòó lé. Ṣíbí náà wà nínú ìbọ̀sẹ̀ kan nísàlẹ̀ àpótí. Etí rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ nítorí irin tí bàbá rẹ̀ fi í kàn. Òwú pupa náà ṣì wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ìjì oòrùn dé, ìtànṣán rẹ̀ lè pa èèyàn. Gbogbo wa sá wọ yàrá àárín, níbi tí irin ti nípọn jù, ènìyàn mẹ́fà lórí ara wọn bí ẹja inú agolo. Mẹkáníìkì na ẹsẹ̀ kan Erin. Erin ní kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì ní, "Ṣé ilé bàbá ẹ nìyí?" Ó tán. Erin gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣẹ́ ìka rẹ̀ méjì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná, ó sì ń wo Ọ̀gá bó ṣe ń ṣe é, bóyá Ọ̀gá á ní ó tó. Ọ̀gá ń jẹ bisikíìtì. Agérin ló bọ́ sáàárín wọn, Erin sì gbá òun náà mọ́ ògiri tí imú rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀.

Èmi ni mo di ìka Mẹkáníìkì. Mo so ó mọ́ kálámù mi méjì.

Ọjọ́ kẹwàá

Ìjì rọlẹ̀. Mo rí kálámù mìíràn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òkú ọkọ̀ àkọ́kọ́. A bá àwọn ọkùnrin méjì níbẹ̀, ará ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ti so ọkọ̀ kékeré wọn mọ́ ọn. Lábẹ́ òfin, ẹni tó kọ́kọ́ so okùn ló ni ín. Ọ̀gá kí wọn lórí rédíò: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa! Ẹ mà yára o!" Àwọn náà kí wa. Ó sì rán Erin jáde kó lọ gé okùn wọn.

Ọ̀kan nínú wọn di etí irin mú. Erin fi ọ̀pá lu ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ náà fi tú. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ya, a rí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó ń jáde bí èéfín funfun, kò sì pẹ́ tó fi kú. Èkejì kò ní ọgbẹ́ kankan. Ó kàn ń léfòó lọ ni, ó ń kéré sí i, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú wa. Ó bẹ̀ wá. Nígbà tó yá, ó ń sọ fún ẹnìkan nílé pé òjò ń bọ̀, kó lọ ká aṣọ lórí okùn.

Ọ̀gá pa rédíò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun."

A jẹun. Èmi náà jẹun.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo jáde lọ kan ọkọ̀ náà bí òfin ti wí. Nínú òfìfo, ohùn kì í rìn, àfi nínú irin. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni: a ó fi òòlù kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó gbé akoto orí wa lé ara irin, a ó ka igba kí a tó gbéra. Bí ẹ̀mí bá wà nínú rẹ̀, kì í ṣe òkú ọkọ̀ mọ́, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àwọn tó wà nínú rẹ̀ la ó gbé, kò sì sí èrè níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo gbọ́. Mo kọ ọ́: A kàn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Òtítọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, ó sì korò lẹ́nu mi bí irọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Agérin kò jẹun láti àná. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Ohunkóhun. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí."



Ọjọ́ ogún

Mẹkáníìkì wọlé tọ̀ mí wá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ọtí tó fi ń nu ẹ̀rọ.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ mọ ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí a fẹ́ lọ bá yìí? Ta ló sọ fún Ọ̀gá pé ó ti bàjẹ́?"

"Wọ́n ní ìròyìn ló gbọ́."

"Ìròyìn kẹ̀! Èmi ni ìròyìn náà. Nígbà tó dúró ní èbúté, Ọ̀gá ní kí n lọ tú ìdè kan níbi ẹ̀rọ tó ń mú un tutù. Ìdè kan ṣoṣo, Bàbá. Mo rò pé ó kàn máa dá wọn dúró ni." Ó wo ìka rẹ̀ tó so mọ́ kálámù. "Igún kì í pa ẹran. Òkú ló ń jẹ. Àwa ti kọjá igún."

"Èéṣe tó o fi ń sọ ọ́ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ó kàn án," ló wí.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àná ni ó yẹ kí n kọ èyí. Ọwọ́ mi kò gbà.

Agérin àti èmi la jáde. Ọkọ̀ ńlá náà dúdú láti orí dé ìdí, kò sí iná kankan lára rẹ̀. Mo kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbé akoto lé irin. N kò tíì ka ogún tí mo fi gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Wọ́n sinmi. Kó, kó, kó. Bí ti ìgbà yẹn gẹ́lẹ́. Mo rò pé orí mi ló dàrú, pé ọkùnrin ìjọ́sí ló padà wá.

"Bàbá, kí lẹ gbọ́?" Ọ̀gá ló ń béèrè lórí rédíò.

Mo tún gbé akoto lé irin.

"Etí ogbó máa ń tan èèyàn jẹ, Bàbá. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ, kí agérin tan iná."

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni, àfi pé bàbá rẹ̀ kò pè mí ní bàbá nígbà náà. Agérin ń wò mí. Mo rí ojú ara mi nínú gíláàsì akoto rẹ̀, arúgbó kékeré kan. Mo ní, "A kàn. Wọ́n dáhùn."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní wọ́n dáhùn. Ẹ̀mí wà níbí."

Agérin gbé akoto tirẹ̀ lé irin. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó pa iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò gé e."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Erin ló jáde, ó di ìbọn tí a fi ń kan ìṣó mọ́ irin lọ́wọ́. Ìṣó àkọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìbà mí. Èkejì wọ itan Agérin. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde lára aṣọ rẹ̀, ó di ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ojú ihò náà, ó fi ọwọ́ kejì tan iná padà, nígbà tí Erin sì rọ̀gbà bò ó, ó gbé iná náà ka ojú gíláàsì akoto Erin. Gíláàsì náà pọ́n, ó funfun, ó fọ́. Ẹnu Erin là bí ẹni fẹ́ béèrè nǹkan. N kò ní gbàgbé ojú rẹ̀. Ó ṣì di aṣọ Agérin mú lẹ́yìn tó ti kú, àfi ìgbà tí mo tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo fi okùn so itan Agérin lókè ojú ọgbẹ́, mo fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà wa. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

"Ẹ dúró síta," Ọ̀gá wí. "Afẹ́fẹ́ yín á tán ní wákàtí kan. Bó bá yá, a ó wá kàn yín wò."

Agérin ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ ṣòfò." Ó di ọwọ́ mi mú bí ọmọ ṣe ń di ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju bí ìṣó bá wọ ara mi lọ.

Mẹkáníìkì ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ìka mẹ́jọ tó kù fún un ṣí i. Nígbà tí a wọlé, Ọ̀gá ti fi ọ̀bẹ gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta níkùn, ó ń gún un lọ. Òòlù tí mo fi ń kàn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi lu ọrùn ọwọ́ Ọ̀gá, mo gbọ́ tí egungun dá. Mo lu orúnkún rẹ̀. Ó ṣubú, mo tún gbé òòlù sókè, Alásè sì di apá mi mú. "Ó tó, Bàbá. Ó tó." Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. N kò mọ̀ pé ìbínú tó tó bẹ́ẹ̀ wà nínú mi. Mo fẹ́ lù ú nígbà kẹta, òótọ́ ni mò ń kọ.

Alásè ló gbé ọkọ̀ wa sún mọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù náà, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn. Márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. A bá mẹ́ta láàyè: bàbá arúgbó kan, obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọrí ìkòkò ni wọ́n fi ń kàn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mẹkáníìkì kú láàárọ̀. Ó ní kí n gba kálámù mi padà.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

A ti kọrí sí èbúté. Ọ̀gá wà nínú yàrá ẹrù, a dè é. Èmi ni mo gbé omi lọ fún un.

Ó mu omi tán, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Bàbá mi rí yín lọ́jọ́ náà, nígbà tí ẹ mú ṣíbí lọ́wọ́ òkú. Ó ní ká fi yín sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń tọ́jú ẹ̀rí sí ara rẹ̀ lọ́rùn kò lè la ẹnu. Ṣé Ọmọ Asálọ ti mọ̀?"

Mo gbé ife náà, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ tú mi sílẹ̀ kí a tó dé èbúté, mo á gbé ọkọ̀ kékeré lọ, ẹ ò ní gbúròó mi mọ́. Bí ẹ ò bá tú mi, lójú gbogbo ayé ni mo ti máa sọ ọ́ fún un. Ó ń di yín lọ́wọ́ mú, mo rí i. Ó ń pè yín ní bàbá. Ẹ ronú sí i o."

Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Irin kan wà lára ògiri níta tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ yàrá ẹrù. Mo gbé ọwọ́ lé e. Kò sẹ́ni tó máa béèrè, a ti sọ fún èbúté lórí rédíò pé ó fara pa gan-an. Mo yí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka igba, n kò mọ ìdí tí mo fi ń kà.

Ní àádóje ó lé mẹ́rin, mo gbọ́ ọ. Gìgísẹ̀ ló fi ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Mo yí irin náà padà. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ bí àpò tó ṣófo, títí mo fi gbọ́ tó ń húkọ́, tó sì ń bú mi. N kò tíì gbọ́ èébú tó tù mí lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo dé ẹnu ọ̀nà Agérin lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Agérin wà lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Lọ́sàn-án ni, obìnrin tí a yọ ń gé irun fún àbúrò rẹ̀ níta, a sì ń gbọ́ tí wọ́n ń bú ara wọn.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ojú yín ò dáa."

N kò jókòó. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ náà yọ, mo gbé ṣíbí lé itan rẹ̀ tó yè.

Ó kọ́kọ́ rí òwú. Ó fi ìka kan rọra tẹ ihò ìdí ṣíbí náà, bí ẹni tó ń tẹ ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí i pé etí rẹ̀ ti tẹ́. Agérin ni, ó mọ ohun tí irin ń ṣe sí irin. N kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Mo sọ ọ́ síbẹ̀: ibi tí ọkọ̀ náà wà, ẹni tó pàṣẹ, ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo kọ. Mo sọ pé bàbá rẹ̀ kò sá lọ síbì kankan. Mo sọ pé ẹrù tí wọ́n ní ó jí, inú ilé ẹrù tiwa ni wọ́n kó o sí.

Ó gbá mi létí. Ìgbátí tó ti ń tọ́jú fún bàbá rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí ló fi fún mi, ó sì ní agbára. Eyín kan bọ́ lẹ́nu mi. Mo dúró de èkejì, kò wá.

"Ìyá mi," ló wí. "Oúnjẹ. Lójoojúmọ́, Bàbá. Lójoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀!"

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló kàn?"

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí n kò dá ara mi lóhùn. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta, lọ́nà méje. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan iná. Ó gbọ́ iná náà. Ó wá yára, n kò lè kà á mọ́."

Ó na ṣíbí náà sí mi. "Ẹ kàn án fún mi."

"Ọmọ mi..."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn án bó ṣe kàn án."

Mo gbà á. Mo kàn án mọ́ irin ibùsùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo sinmi. Ó gbé etí lé irin náà, ó di ojú. Lọ́nà kejì. Lọ́nà kẹta. Ní ìkẹfà, ẹkún ti gbé e, kò sì gbé etí kúrò. Mo kan ìkeje. Mo wá dé ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀, mo sì kan ìyẹn náà, kíákíá, láìní òǹkà, títí dé ibi tó ti dá.

Lẹ́yìn náà, ó la ọwọ́ rẹ̀, mo fi ṣíbí náà sínú rẹ̀. Ó so òwú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó kúrú, kò fẹ́ẹ̀ yí i ká.

Ó ní, "Ìwé tí ẹ ń kọ yẹn, ó wà níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Èmi ni mo máa gbé e lọ síwájú adájọ́. Kí n tó lọ síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá mi. Lójúkojú. Kí ó tó dáná alẹ́."

Èbúté ti hàn níwájú. Mo parí ìlà yìí, mo ń gbé ìwé fún un.